Èwo Ni Ká Rà Nínú Oríṣi Apá Bàálù Kékeré Mẹ́ta Yìí?

Ẹni tó bá ń fi rìmóòtù darí bàálù kékeré létí ọ̀sà ní Ẹ̀pẹ́ mọ̀ pé ìgbà tí bàálù bá ń bọ̀ nílẹ̀ ni ewu pọ̀ jù, nítorí pé eré rẹ̀ ti dínkù nígbà náà, a sì ń gbé imú rẹ̀ sókè díẹ̀díẹ̀, títí afẹ́fẹ́ tó ń ṣàn lórí apá yóò fi já kúrò lára rẹ̀, tí apá kò sì ní lè gbé e dáadáa mọ́. Èyí ni wọ́n ń pè ní stall. Kò sí apá tí kò ní í ṣe é. Ibi tó ti ń bẹ̀rẹ̀ lára apá ló yẹ kí ẹni tó fẹ́ rà wò.

Apá tí fífẹ̀ rẹ̀, ìyẹn láti etí iwájú dé etí ẹ̀yìn, dọ́gba láti ìdí tó so mọ́ ara bàálù dé ṣóńṣó ló rọrùn jù. Ìdí rẹ̀ ni afẹ́fẹ́ ti kọ́kọ́ ń já kúrò, nígbà tí ṣóńṣó ṣì ń gbé ẹrù, nítorí náà bàálù á kàn tẹ orí ba, á sì tún gba eré padà. Bí abẹ́ rẹ̀ bá fẹ́rẹ̀ẹ́ tẹ́jú, tí etí iwájú rẹ̀ sì rí roboto, gẹ́gẹ́ bíi ti Clark Y, ìyẹn ìrísí apá tí Virginius Clark yà ní 1922, ó tún dára sí i. Àléébù rẹ̀ ni pé atẹ́gùn ọ̀sán máa ń tì í kiri.

Apá tó ń tín-ín-rín lọ sí ṣóńṣó lẹ́wà, ó sì ń sáré, ṣùgbọ́n ṣóńṣó rẹ̀ ni afẹ́fẹ́ ti sábà máa ń kọ́kọ́ já kúrò. Mo ra ọ̀kan lọ́wọ́ ẹni tó fi dá mi lójú pé akẹ́kọ̀ọ́ lè lò ó. Nígbà tó ku bí gíga igi àgbọn kan kó balẹ̀, apá òsì dà lójijì, imú sì ti wọlẹ̀ kí n tó fọwọ́ kan ohunkóhun. Ó dùn mí gan-an.

Oríṣi kẹta náà ń tín-ín-rín, àmọ́ wọ́n lọ́ ṣóńṣó rẹ̀ kí etí iwájú rẹ̀ lè tẹ̀ wálẹ̀ ní nǹkan bíi dígírì 2 sí 3, kí afẹ́fẹ́ lè kọ́kọ́ já kúrò ní ìdí ṣáájú ṣóńṣó. Ẹ má gba ọ̀rọ̀ ẹnu gbọ́. Bí abẹ́ apá bá tẹ́jú, ẹ gbé e lé orí tábìlì, ẹ tẹ ìdí rẹ̀ mọ́lẹ̀, kí ẹ sì fi rúlà wọn bí etí ẹ̀yìn ṣe ga tó ní ṣóńṣó: bí fífẹ̀ ibẹ̀ bá jẹ́ mìlímítà 150, dígírì 2 yóò fún yín ní nǹkan bíi mìlímítà 5. Bí ọ̀tún bá jẹ́ 5, tí òsì sì jẹ́ 1, ẹ dá a padà fún ẹni tó ń tà á, nítorí ẹ̀gbẹ́ kan náà ni yóò máa dà nígbà gbogbo. Fóòmù tí wọ́n fi sílẹ̀ nínú ọkọ̀ lóòrùn sábà máa ń lọ́ bẹ́ẹ̀. Ẹni tó fẹ́ máa dojú bàálù délẹ̀ lófuurufú kò gbọ́dọ̀ ra irú apá yìí, torí pé lílọ́ náà yóò wá ṣiṣẹ́ lódì.

Ní tèmi, kí akẹ́kọ̀ọ́ ra ti àkọ́kọ́, kí ó fò ó láàárọ̀ kí atẹ́gùn ọ̀sà tó dìde, kí ó sì to bátìrì rẹ̀ kí bàálù lè dúró déédéé níbi ìdá 25 sí 30 nínú 100 fífẹ̀ apá láti etí iwájú. Bí ìwúwo bá ti sún sẹ́yìn kọjá ibẹ̀, àtidarí rẹ̀ á le, irú apá yòówù kó ní.