Ọ̀dà Vallejo fún ère orí tábìlì: ẹ ra ọ̀dà, ẹ fi iyanrìn sílẹ̀

Ẹni tó bá ń kun ère kékeré fún eré orí tábìlì ní Èkìtì mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ọ̀dà kò rọrùn. Kì í ṣe ọjà tí ẹ máa bá lórí àtẹ ní Ọjà Ọba Adó. Orí íńtánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ti ń rà á, owó ìfiránṣẹ́ sì máa ń ga débi pé ẹni tó bá ṣi ọjà rà, owó ti wọgbó nìyẹn. Ìdí nìyí tí a fi ń yẹ Model Color, ọ̀dà ère tí ilé iṣẹ́ Vallejo ń ṣe, wò dáadáa fún ẹni tó ń gbé Adó, Ìkẹ́rẹ́ tàbí Ìkọ̀lé, nínú ooru àti ọ̀rinrin tiwa.

Orílẹ̀-èdè Spéènì ni wọ́n ti ń ṣe é. Igo ike kékeré ẹlẹ́nu ṣóńṣó ni. Ti àtijọ́ gba mílílítà 17, tuntun gba 18. Omi ni wọ́n fi pò ó, kò sí gáàsì nínú rẹ̀. Àǹfààní ńlá ni èyí, nítorí pé agolo ọ̀dà tí wọ́n ń fín jẹ́ ẹrù eléwu lójú àwọn ọkọ̀ òfuurufú, ẹni tó ń bọ̀ láti òkè òkun kò lè kó o sínú àpò rẹ̀ wálé. Àǹfààní kejì ni ẹnu ṣóńṣó yẹn fúnra rẹ̀. Ọ̀dà tó wà nínú ike ẹlẹ́nu gbàràgàdà máa ń gbẹ létí létí ní gbogbo ìgbà tí a bá ṣí i, pàápàá lóṣù kejì àti ìkẹta. Ti Vallejo kì í rí afẹ́fẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Ẹ sì lè ka ẹ̀kán rẹ̀, kí àwọ̀ tí ẹ pò fún ère àkọ́kọ́ lè bá ti ogún ère tó kù mu.

Àìgbọ̀n-ọ́n-tó ló ń jẹ́ kí àwọn èèyàn sọ pé ọ̀dà yìí kò dára. Bí igo bá ti dúró fún ọ̀sẹ̀ díẹ̀, gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ àwọ̀ á rọ̀ sísàlẹ̀, omi rẹ̀ á léfòó. Bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ báyẹn, omi tó ń dán ló máa kọ́kọ́ jáde, ìyókù inú igo á sì ki jù. Ẹ fi èékánná ṣí ẹnu ike rẹ̀, ẹ ju bọ́ọ̀lù irin oní-mílímítà 5 méjì sínú, ẹ dé e padà, ẹ gbọ̀n ọ́n fún odindi ìṣẹ́jú kan. Ẹ má lo bọ́ọ̀lù béárìn tí ẹ gbà lọ́wọ́ mẹkáníìkì ọ̀kadà o. Á dógùn-ún nínú ọ̀dà olómi. Nínú dúdú, ẹ lè má tètè mọ̀, ṣùgbọ́n funfun á yí padà di pupa rúsúrúsú, igo yẹn ti bàjẹ́ nìyẹn. Irin tí kì í dógùn-ún ni kí ẹ lò, bí kò bá sì sí, ìlẹ̀kẹ̀ gíláàsì méjì náà ṣiṣẹ́. Bí ẹnu igo bá dí, ẹ kọ́kọ́ fi abẹ́rẹ́ gún un. Bí ẹ bá fi agbára tẹ igo tó dí, ọ̀dà á tú jáde lójijì.

Ọ̀dà yìí ki, ẹ má sì kùn ún bó ṣe jáde látinú igo, nítorí á bo ojú, bọ́tìnì àti ẹ̀wọ̀n ara ère mọ́lẹ̀. Fún ìpele àkọ́kọ́, ẹ̀kán ọ̀dà méjì sí omi kan. Fún èyí tó tẹ̀ lé e, ọ̀kan sí ọ̀kan. Bí ẹ bá fẹ́ kó ṣàn sínú kòtò ara ère láti ṣe òjìji, ọ̀dà kan sí omi mẹ́fà. Omi inú ọ̀rá ni kí ẹ lò. Omi kànga-ẹ̀rọ ibòmíràn ní iyọ̀ ilẹ̀ nínú, á sì fi àlà funfun sílẹ̀ níbi tó bá ti gbẹ.

Ooru wa ni ọ̀tá ọ̀dà yìí gan-an. Lórí àwo tánganran, ẹ̀kán kan lè gbẹ kí ẹ tó kun apá ère kan tán. Ẹ wá abọ́ ike pẹlẹbẹ tó ní ìdérí, ẹ tẹ́ fóòmù sínú rẹ̀, ẹ da omi sí i títí yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ dé orí fóòmù, kí ẹ wá tẹ́ bébà tí àwọn tó ń yan kéèkì máa ń tẹ́ sínú páànù lé e. Orí bébà yẹn ni kí ẹ ti máa po ọ̀dà. Ọ̀rá náílọ́ọ̀nù kò dára fún un, omi kì í gbà á kọjá. Bébà ìkọ̀wé náà á jẹrà. Bí ẹ bá rí omi tó ń dán lórí bébà, ó ti pọ̀ jù, ọ̀dà á máa sá kiri. Ẹ máa pààrọ̀ omi náà kó tó máa rùn. Vallejo tún ní oògùn tó ń dá ọ̀dà dúró kó má tètè gbẹ (70.597 ni nọ́ńbà tí ẹ máa fi mọ̀ ọ́n; bẹ́ẹ̀ náà ni nọ́ńbà àwọn àwọ̀ tó kàn). Ẹ̀kán kan sí ẹ̀kán ọ̀dà mẹ́wàá ti tó nígbà ọyẹ́. Nígbà òjò, ẹ gbé e sí ẹ̀gbẹ́ kan, nítorí ara ère á máa lẹ̀ mọ́ ọwọ́ fún ìgbà pípẹ́.

Ní ti àwọ̀ ara, ibẹ̀ ni Vallejo ti tẹ́ wa lọ́rùn jù. Ìlànà òyìnbó sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ láti orí àwọ̀ ara tiwọn. Ẹni tó bá fẹ́ kun jagunjagun Kírìjì, àwọn Èkìtì Parapọ̀ tó bá Ìbàdàn jà láti 1877, kò rí nǹkan kan mú níbẹ̀. Ẹ fi Burnt Umber (70.941) kun gbogbo ara. Ẹ fi German Camouflage Black Brown (70.822) olómi sí abẹ́ àgbọ̀n, ihò ojú àti àárín ìka. Lẹ́yìn náà, ẹ po Burnt Umber àti Beige Brown (70.875) dọ́gba dọ́gba, kí ẹ fi kan iwájú orí, orí imú, ẹ̀rẹ̀kẹ́ àti oríkèé ìka. Ẹ má fi funfun là á. Ojú ère á rí bí ojú ẹni tí kò pa ara nígbà ọyẹ́.

Ọ̀dà ìpìlẹ̀ wọn, Surface Primer, ṣeé fi búrọ́ọ̀ṣì kùn. Ẹ kọ́kọ́ fi ọṣẹ fọ ère. Ìpele fẹ́ẹ́rẹ́ méjì, ẹ má fi omi là á, ẹ sì jẹ́ kó gbẹ fún wákàtí 24. Bí èékánná bá kàn án kó tó gbó, á ṣí kúrò bí awọ ni.

Wọ́n tún ń ta ẹrẹ̀ àtọwọ́dá nínú ìkòkò ike mílílítà 200 fún pèpéle tí ère ń dúró lé. Ọjà dáadáa ni, ṣùgbọ́n kò yẹ kí ará Èkìtì sanwó ìfiránṣẹ́ lórí erùpẹ̀. Ẹ lọ bá àwọn tó ń mọ búlọ́ọ̀kù, ẹ bù díẹ̀ nínú eruku òkúta wọn. Ẹ fi asẹ́ garí sẹ́ ẹ lẹ́ẹ̀kan, ẹ tún fi aṣọ asẹ́ ògì sẹ́ èyí tó jábọ́. Ohun tó kù lórí aṣọ lẹ fẹ́. Ère oní-mílímítà 28 kéré sí èèyàn ní ìlọ́po 60 tàbí bẹ́ẹ̀, nítorí náà hóró mílímítà 2 dà bí òkúta sẹ̀ǹtímítà 12 lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Ẹ pò ó mọ́ ilẹ̀ pupa, ẹ yan án nínú páànù àtijọ́ fún ogún ìṣẹ́jú kí ẹyin kòkòrò inú rẹ̀ kú.

Gọ́ọ̀mù funfun ti káfíńtà méjì sí omi kan, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì àtijọ́ pa á sórí pèpéle, ẹ má jẹ́ kó kan ẹsẹ̀ ère. Ẹ rì í sínú iyanrìn, ẹ gbọn èyí tí kò lẹ̀ dànù, kó sùn mọ́jú. Lọ́jọ́ kejì, gọ́ọ̀mù kan sí omi mẹ́rin pẹ̀lú ẹ̀kán ọṣẹ ìfọbọ́ kan, kí ẹ fi síríńjì kán an lé e. Bí kò bá sí ọṣẹ, omi á dì róbóróbó lórí eruku, á sì gbé hóró iyanrìn kúrò. Ilẹ̀ pupa yẹn á ṣú lábẹ́ gọ́ọ̀mù, nítorí náà ó ṣì nílò ọ̀dà: Red Leather (70.818) nísàlẹ̀, Burnt Umber olómi lé e, lẹ́yìn náà Buff (70.976) lórí búrọ́ọ̀ṣì tí ẹ ti nù mọ́ tíṣù títí tí kò fi ní ju ipasẹ̀ ọ̀dà lọ, kí ẹ máa fi gbá orí òkúta fẹ́ẹ́rẹ́.

Fún koríko gbígbẹ, a kò tíì rí ohun tó dára ju kànhìnkànhìn lọ. Ẹ gé okùn rẹ̀ ní mílímítà 5, ẹ di bíi mẹ́wàá papọ̀, ẹ fi ìdí rẹ̀ kan gọ́ọ̀mù tí ẹ kò fi omi là, ẹ gbé e nàró. Bó bá ti ń gbẹ ló ń tẹ́ orí rẹ̀ síta fúnra rẹ̀.

Níbi tí Vallejo ti kùnà: àwọ̀ ìyeyè àti pupa Model Color kì í tètè bolẹ̀, ìpele mẹ́ta ni, tàbí kí ẹ kọ́kọ́ fi Beige Brown sábẹ́. Àwọ̀ irin inú rẹ̀ náà kò dán tó. Metal Color wọn, tó wà nínú igo mílílítà 32, ló dáa fún idà àti ìbọn. Ọ̀dà náà sì máa ń ṣí kúrò lára ère irin bí ọwọ́ bá ń kàn án, nítorí náà ẹ gbọ́dọ̀ fi fáníìṣì tí kì í dán bò ó. Ẹ gbọ̀n fáníìṣì náà ju bí ẹ ti gbọ̀n ọ̀dà lọ, ẹ kùn ún fẹ́ẹ́rẹ́, ẹ má jẹ́ kó dúró sínú kòtò kankan, ibẹ̀ ló ti máa ń di funfun. Bí òjò bá ti ń rọ̀ láti àárọ̀, ẹ fi iṣẹ́ fáníìṣì dọ̀la.