Ìkìlọ̀: Ẹ ṣọ́ra fún àwọn tó ń ta "gbogbo ẹrù akẹ́kọ̀ọ́ nínú báàgì kan" lórí WhatsApp

Wọ́n ní ẹyẹ kì í wí fún ẹyẹ pé òkò ń bọ̀. Èmi ó wí o, nítorí òkò yìí ti bà mí, mi ò sì fẹ́ kó ba ẹlòmíì. Ẹ̀yin òbí, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n tẹ́ ẹ ń múra ọmọ lọ sí yunifásítì tàbí pólì, àti ẹ̀yin ọmọ tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka èyí tán kẹ́ ẹ tó fowó ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni.

Àbíkẹ́yìn ìyá wa ló wọlé sí ilé-ẹ̀kọ́ gíga níbí n'Ìbàdàn. Àwa ẹ̀gbọ́n rẹ̀ mẹ́ta la dáwó jọ láti ra ohun tó máa lò. Aránṣọ ni mí. Lásìkò yẹn, aṣọ òde kún ṣọ́ọ̀bù mi débi pé mi ò ráyè dé ọjà Aléṣinlọ́yẹ́, ìyẹn ló gbé mi dórí fóònù. Mo rí obìnrin kan tí ọ̀rẹ́ ọ̀rẹ́ mi gbé ọjà rẹ̀ sórí sítétọ́ọ̀sì. Gbogbo ẹrù akẹ́kọ̀ọ́ ló ń tà pọ̀: báàgì àgbékọ́yìn tó láyè fún làpútọ́ọ̀pù, ìwé ìkọ̀wé ńlá mẹ́fà, páálí báírò kan, ẹ̀rọ ìṣírò, páwà báǹkì tí wọ́n kọ 50,000mAh (ìwọ̀n iná tó lè gbé) sí lára, àti fíláàṣì 2TB. Gbogbo rẹ̀ ₦42,000.

Mo bi í bóyá mo lè sanwó nígbà tí ẹrù bá dé. Ó ní, "Àǹtí mi, ẹ má bínú, ẹni tí mo ṣe bẹ́ẹ̀ fún gbẹ̀yìn ò gbé fóònù mi mọ́. Ó ku méjì péré, ẹlòmíì sì ti ń béèrè." Ohùn ló fi ránṣẹ́, ohùn náà tutù, ó tún ṣàdúrà fún àbúrò mi pé yóò kàwé yege. Àdúrà yẹn ló mú mi. Nígbà tí mo fẹ́ sanwó, orúkọ tó jáde lórí fóònù kì í ṣe orúkọ ọjà rẹ̀, kì í sì í ṣe orúkọ òun fúnra rẹ̀. Orúkọ ọkùnrin kan ni. Ó ní àkáǹtì ọkọ òun ni. Ibẹ̀ ló yẹ kí n ti dúró, ṣùgbọ́n mo san án.

Lọ́jọ́ kejì ó ní ẹni tó máa gbé e lọ sí páàkì ń béèrè ₦3,500. Mo san. Lọ́jọ́ kẹta, ó ní ẹrù ti wọ mọ́tò l'Ékòó, ó ku ₦2,000 owó àwọn ará páàkì. Mo san ìyẹn náà. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn: owó kékeré ló ń tẹ̀lé owó ńlá, torí wọ́n mọ̀ pé ẹni tó ti fi ₦42,000 sílẹ̀ kò ní jẹ́ kó ṣòfò nítorí ₦2,000.

Lọ́jọ́ kẹfà, ọlọ́kadà gbé ọ̀rá dúdú kan wá tí wọ́n fi sẹ́lótéèpù wé yípoyípo. Mo ní kó dúró kí n tú u, ó ní òun ní ibòmíì láti dé. Kó tó yípo ní kọ̀rọ̀ àdúgbò, mo ti rí i pé báàgì inú fọ́tò kọ́ lèyí.

Mo gbé e sórí tábìlì tí mo fi ń gé aṣọ, mo tú u palẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo rí, kí ẹ̀yin náà lè wò ó nínú báàgì yòówù tẹ́ ẹ bá fẹ́ rà. Ibi tí okùn èjìká ti wọ ara báàgì ni gbogbo ìwúwo ìwé máa ń kó lé. Ẹni tó mọṣẹ́ á rán ibẹ̀ ní igun mẹ́rin, á sì tún fi òwú dá àgbélébùú sí àárín rẹ̀. Ojú ìrán kan ṣoṣo ni wọ́n fi la tèmi kọjá, òwú rẹ̀ sì fẹ́lẹ́ bí èyí tí mo fi ń ká etí búláòsì. Mo fà á, kò tiẹ̀ le, ó ṣí. Mo gbé láínì ìsàlẹ̀ sókè, páálí ni mo bá níbẹ̀, irú èyí tí wọ́n fi ń kó bisikíìtì. Òjò kan péré ló máa sọ ọ́ di ẹ̀kọ. Ibi tí wọ́n ní kí làpútọ́ọ̀pù wọ̀, kò sí fóòmù kankan níbẹ̀, láínì lásán ni. Síìpù nìkan ló ń dán bíi ti fọ́tò, ìgbà kẹta tí mo fà á ni orí rẹ̀ bọ́ sí mi lọ́wọ́.

Mo jókòó, mo ka ọ̀kan nínú ìwé náà léwé-léwé. 80 ni wọ́n kọ sí ara rẹ̀. Ewé 54 ló wà nínú rẹ̀.

Páwà báǹkì náà kò wúwo ju ọṣẹ ìwẹ̀ kan lọ. Bátìrì róbótó-róbótó ló wà nínú ọ̀pọ̀ wọn, ọ̀kan wọn wúwo tó gíráàmù 45 sí 50, èyí tó dáa jù nínú irú wọn sì máa ń gbé nǹkan bí 3,500mAh. Kó tó pé 50,000, ó máa tó bátìrì mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ìwúwo wọn á sì tó gíráàmù 700. Bí wọ́n bá gbé èyí tó fúyẹ́ lé yín lọ́wọ́ pẹ̀lú nọ́ńbà ńlá lára, irọ́ ni nọ́ńbà yẹn.

Fíláàṣì ló dùn mí jù. Báàgì tó ya ṣeé rán. Àbúrò mi ti kó ìwé tí olùkọ́ fún wọn àti iṣẹ́ àṣetiléwá tó fi òru ṣe sórí rẹ̀. Ọjọ́ tó fẹ́ fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ fún olùkọ́, gbogbo orúkọ ìwé náà ló wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn tó kọ́kọ́ kó sí i nìkan ló ṣí. Ó pè mí, ohùn rẹ̀ ń gbọ̀n: "Ẹ̀gbọ́n mi, ó ti lọ o." Ohun tí àwọn oníjìbìtì ń ṣe ni pé wọ́n máa ń yí ètò inú fíláàṣì kékeré padà, bóyá ti 8GB, kó lè máa sọ fún kọ̀ǹpútà pé 2TB lòun. Kọ̀ǹpútà á gbà á gbọ́. Tí ibi tó wà lóòótọ́ bá kún, ohun tẹ́ ẹ tún ń kó sí i á máa bo ti tẹ́lẹ̀ mọ́lẹ̀ tàbí kó ṣòfò, orúkọ rẹ̀ nìkan lẹ máa rí. Ètò kọ̀ǹpútà tó ń jẹ́ H2testw ni wọ́n fi ń dán an wò lórí Windows, F3 ni ti Mac àti Linux, ọ̀fẹ́ sì ni méjèèjì. Wọ́n á kọ nǹkan kún fíláàṣì náà dénú, wọ́n á tún kà á padà. Ó lè gba wákàtí púpọ̀, ẹ jẹ́ kó gbà á. Kẹ́ ẹ tó kó iṣẹ́ ọmọ sí i ni kẹ́ ẹ ṣe é. Fún ọmọ ilé-ìwé, 32GB tàbí 64GB tó jẹ́ òótọ́ ti tó.

Nígbà tí mo kọ̀wé sí obìnrin náà, ó kà á. Nígbà tí mo máa fi pè é, ó ti bílọ́ọ̀kì mi. Mo lọ sí báǹkì, wọ́n ní owó náà ti kúrò nínú àkáǹtì yẹn lọ́jọ́ tí mo fi í ránṣẹ́ gan-an. Nítorí náà, bó bá ṣẹlẹ̀ sí yín, ẹ má dúró de ọjọ́ keje bíi tèmi. Lọ́gán tí ara bá ti fu yín, ẹ pe báǹkì yín, ẹ fi rísíìtì àti gbogbo ọ̀rọ̀ tẹ́ ẹ jọ sọ hàn wọ́n, kẹ́ ẹ sì fi tó ọlọ́pàá létí.

Òfin wà o. Òfin FCCPA ti 2018, òfin ìjọba àpapọ̀ tó ń dáàbò bo oníbàárà, fún wa lẹ́tọ̀ọ́ láti dá ọjà tó lábùkù padà, FCCPC, àjọ ìjọba tó ń mójú tó òfin náà, ló sì ń gbọ́ irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ta lẹ fẹ́ pe lẹ́jọ́ nígbà tí ẹ ò mọ ojúlé rẹ̀? Ìdí nìyẹn tí mo fi ń sọ pé ẹni tó ní ṣọ́ọ̀bù tẹ́ ẹ lè padà lọ bá ni kẹ́ ẹ rà á lọ́wọ́ rẹ̀. Tẹ́ ẹ bá dé Aléṣinlọ́yẹ́ tàbí Agbowó tó kojú sí UI, ẹ kó ìwé dání, ẹ kó o sínú báàgì náà níwájú ọlọ́jà, kẹ́ ẹ fi okùn rẹ̀ gbé e sókè. Ọlọ́jà rere kò ní bínú sí i. Báàgì bọ́síkọ̀rọ̀ tí ìrán rẹ̀ le sàn ju tuntun tó ń dán lọ lójú tèmi.

Mi ò ní gbogbo ẹni tó ń tajà lórí fóònù ni olè. Èmi náà ń gba iṣẹ́ aṣọ níbẹ̀. Tó bá di dandan kẹ́ ẹ rà á níbẹ̀, ẹ ní kí ọlọ́jà kọ orúkọ yín sórí ìwé, kó gbé e ti báàgì náà, kó sì ya fídíò rẹ̀. Ẹ gbé fọ́tò rẹ̀ sí Google Lens, tó ń wá ibi tí fọ́tò ti jáde rí. Nígbà tí mo ṣe é, lẹ́yìn tí owó ti lọ, mo rí fọ́tò yẹn gan-an lórí ìkànnì àwọn ará Ṣáínà. Owó sì gbọ́dọ̀ dúró lọ́wọ́ yín títí ẹrù á fi dé, tí ẹ ó sì tú u.

Ní ọ̀sẹ̀ yìí, fọ́tò náà tún ti jáde lórí sítétọ́ọ̀sì ẹlòmíì, pẹ̀lú orúkọ ọjà tuntun: báàgì dúdú lórí táìsì funfun, sílípáàsì ọmọdé aláwọ̀ osùn kan sì yọ orí ní igun òsì. ₦45,000 ni wọ́n ń pè é báyìí. Bẹ́ ẹ bá rí i, ẹ má fi owó ránṣẹ́, kẹ́ ẹ sì sọ fún ẹni tó gbé e síbẹ̀ kó yọ ọ́.