Ìwé mẹ́rin fún ẹni tó ń kọ búlọ́ọ̀gù: èwo lẹ máa kọ́kọ́ rà?

Orúkọ ìwé mẹ́rin kì í wọ́n lẹ́nu àwọn tó ń kọ nǹkan sórí íntánẹ́ẹ̀tì: The Elements of Style, On Writing Well, Getting Things Done àti Atomic Habits. Méjì àkọ́kọ́ ń kọ́ni níṣẹ́ gègé, méjì tó kù ń kọ́ni bí iṣẹ́ ṣe ń parí. Ẹni tí owó ọwọ́ rẹ̀ ò ju ti ìwé kan lọ lóṣù yìí ni mò ń bá sọ̀rọ̀. Gbogbo wọn ló ti lókìkí, torí náà ìyìn wọn ò sí lẹ́nu mi. Ibi tí owó ti ń ṣòfò ni kí á kọ́kọ́ dé.

Àtẹ̀jáde

Ìwé méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló ń jẹ́ The Elements of Style. Àkọ́kọ́ ni ìwé pẹlẹbẹ olójú ewé 43 tí William Strunk, olùkọ́ ní Yunifásítì Cornell ní Amẹ́ríkà, tẹ̀ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ lọ́dún 1918. Èkejì ni èyí tí E. B. White, tí Strunk kọ́ ní kíláàsì, tún ṣe, tó fi ọ̀rọ̀ tirẹ̀ kún, tó sì jáde lọ́dún 1959. Bí ẹnikẹ́ni bá ń yin ìwé yìí fún yín, ti White ló ń sọ. Wàhálà ibẹ̀ ni pé òfin ẹ̀tọ́ òǹkọ̀wé kò dáàbò bo ti 1918 mọ́. Ẹni tó bá ti ní ẹ̀rọ ìtẹ̀wé lè tẹ̀ ẹ́, kó fi èèpo dídán bò ó, kó sì tà á ní iye tó wù ú. Ẹ ó sanwó, ẹ ó gbé e délé, ẹ ó wá orí tó ń kọ́ni bí ohùn òǹkọ̀wé ṣe ń jáde lórí ìwé títí, ẹ ò ní í rí i. Àkójọ ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí àwọn èèyàn máa ń sípẹ́lì rẹ̀ ṣì lẹ máa bá níparí ìwé.

Ẹ má fi èèpo ṣe ìdájọ́. Ẹ ṣí ojú ewé tí wọ́n to àkóónú sí. Bí ẹ ò bá rí An Approach to Style, tó jẹ́ orí karùn-ún, ẹ dá a padà. Ẹ wo orúkọ òǹkọ̀wé pẹ̀lú: bó bá jẹ́ Strunk nìkan ló wà níbẹ̀, òun kọ́ lẹ ń wá. Bó bá jẹ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì lẹ ti fẹ́ rà á, ẹ ní kí òǹtajà ya fọ́tò ojú ewé àkóónú ránṣẹ́ lórí WhatsApp kí ẹ tó sanwó. Ẹni tó bá kọ̀, ẹ fi í sílẹ̀. Ẹni tó bá sì kàn fẹ́ mọ ohun tí Strunk sọ, ọ̀fẹ́ ni tirẹ̀ wà lórí Project Gutenberg, ìkànnì tí wọ́n ti ń ka ìwé lọ́fẹ̀ẹ́. Kọ́bọ̀ ò yẹ kó jáde lápò ẹnikẹ́ni lórí rẹ̀.

On Writing Well kò le tó bẹ́ẹ̀. William Zinsser tún un ṣe léraléra lẹ́yìn 1976. Ti ọdún 2006, tí wọ́n fi sàmì ọgbọ̀n ọdún ìwé náà, ni kí ẹ wá. Getting Things Done jáde lọ́dún 2001, David Allen sì tún un kọ lọ́dún 2015. Orúkọ mẹ́rin nínú ìgbésẹ̀ márùn-ún tó wà níbẹ̀ yí padà, iṣẹ́ wọn ò yí. Bí tòkunbọ̀ ti 2001 bá wá ní owó pọ́ọ́kú, ẹ rà á.

Ti Atomic Habits, ayédèrú ni kí ẹ ṣọ́ra fún. Ìwé kì í sábà já ní ewé kan péré. Ìdì-ìdì ni wọ́n ń dì í, olójú ewé 16 tàbí 32. Bí ìdì kan bá sọ nù, ẹ ó kúrò lójú ewé 64, ẹ ó já sí 97. Ẹ fi àtàǹpàkò tú nọ́ńbà ojú ewé láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin níwájú ẹni tó ń tà á.

Òfin ìṣẹ́jú méjì

Allen ní òfin ìṣẹ́jú méjì, James Clear tó kọ Atomic Habits náà ní tirẹ̀, wọn ò sì bára mu. Ti Allen ni pé iṣẹ́ tí kò bá ní í gbà ju ìṣẹ́jú méjì lọ, ká ṣe é lójú ẹsẹ̀. Ti Clear ni pé àṣà tuntun tí a bá fẹ́ mú, ká gé ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kúrú débi pé ìṣẹ́jú méjì á tó o. Ẹni tó bá lọ́ wọn pọ̀ á jí láago márùn-ún láti kọ̀wé, á dáhùn àtẹ̀jíṣẹ́ kan, á ra dátà, á fèsì fún ẹni tó béèrè nọ́ńbà ẹnìkan, aago méje á lù, kò ní í tíì kọ ìlà kan. Allen ò rán an níṣẹ́ yẹn: ìgbà tí a bá jókòó láti tú ẹrù iṣẹ́ palẹ̀ ni òfin rẹ̀ wà fún. Ẹni tí ìbẹ̀rẹ̀ ń ni lára, ti Clear ló bá a mu. Ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ fọ́n káàkiri, ti Allen ni, àmọ́ kó mọ̀ pé odindi ọjọ́ méjì ni Allen ní kí a yà sọ́tọ̀ láti fi tò ó sílẹ̀, àti àtúnyẹ̀wò lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn.

Gígé ọ̀rọ̀

Strunk pàṣẹ pé kí a gé ọ̀rọ̀ tí kò wúlò. Zinsser fi hàn wá bí wọ́n ṣe ń gé e. Ó ní nígbà tí òun ń kọ́ni ní Yunifásítì Yale, òun máa ń fi àmì àkámọ́ yí gbogbo ọ̀rọ̀ tí kò ṣiṣẹ́ ká, akẹ́kọ̀ọ́ á wá fúnra rẹ̀ ka gbólóhùn náà láìsí wọn. Ẹ dán an wò lórí Yorùbá tí a ń bá pàdé lójoojúmọ́:

[Ní ayé òde òní tí a wà yìí, ó jẹ́ ohun tó ṣe pàtàkì púpọ̀ kí a mọ̀ dájú pé] omi mímu [jẹ́ ohun tó] dára fún [àgọ́] ara [wa].

Ohun tó ṣẹ́ kù ni "omi mímu dára fún ara," kò sì sí ohun tó sọ nù.

Ẹ kíyè sí i o: Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n kọ ìwé wọ̀nyí fún. White kìlọ̀ pé ká yẹra fún àwọn ọ̀rọ̀ kéékèèké tó ń sọ bí nǹkan ṣe pọ̀ tó. Bí ẹ bá tẹ̀ lé e gbọ̀ọ́ gbọ̀ọ́, ẹ ó gé "fòò" kúrò lára "pupa fòò", ẹ ó gé "kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́" kúrò lára "ó yọ́ wọlé kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́". Àwòrán lọ̀rọ̀ wọ̀nyẹn, wọn kì í ṣe àfikún. "Púpọ̀" ni kí ẹ gé, ẹ fi "fòò" sílẹ̀. Kò sì sí èyí tó máa kọ́ yín ní àmì ohùn nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Yoruba Orthography tí Ayọ̀ Bámgbóṣé kọ lọ́dún 1965 ni kí ẹ wá fún ìyẹn.

Èwo wá ni?

Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló níṣẹ́ tó ń ṣe. Ẹni tí kì í lè bẹ̀rẹ̀, kó ra ti Clear. Ẹni tí iṣẹ́ ti bò mọ́lẹ̀, kó ra ti Allen. Ẹni tó fẹ́ ìwé òfin tó lè gbé sápò, ti White wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń kọ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ tí àwọn èèyàn kì í sì í ka iṣẹ́ rẹ̀ dópin, Zinsser ni kó rà, kó tó kan àwọn yòókù.

Bí ẹ bá ti mú un dání, ẹ ṣí orí kejì. Zinsser fi ojú ewé méjì látinú ìwé àfọwọ́kọ orí yẹn gan-an síbẹ̀, pẹ̀lú gbogbo ibi tó ti fagi lé ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ àti èyí tó kọ sókè rẹ̀. Ojú ewé méjì yẹn ló tó owó ìwé. Nínú ẹ̀dà tí wọ́n fi ẹ̀rọ fótókọ́pì ṣe, ìlà tó fà àti ọ̀rọ̀ tó gé sábà máa ń di dúdú kan náà. Bí ẹ bá lè ka ọ̀rọ̀ tó wà lábẹ́ ìlà náà, ẹ sanwó.