Oyin, Propolis, Royal Jelly àbí Ìda: Èwo Ni Kí Ẹ Náwó Lé?

Nǹkan tó ń ti ilé oyin jáde pọ̀ ju èyí tí wọ́n ń bù sínú ìgò lọ. Lórí pẹpẹ kan náà ni ẹ ó ti bá oyin, propolis (oje igi tí oyin fi ń dí ihò ilé rẹ̀), royal jelly (oúnjẹ ayaba oyin) àti lẹ́búlẹ́bú òdòdó (pollen). Ìda sì wà nídìí àwọn ìpara. Owó wọn ò sún mọ́ra rárá, ìyẹn ló ń mú kí oníbàárà rò pé èyí tó wọ́n jù ló lágbára jù. Bí mo bá fẹ́ fi owó kẹ́ ara mi, oyin ni n ó kọ́kọ́ rà, ìda ló tẹ̀ lé e, propolis lẹ́yìn náà. Royal jelly ló máa gbẹ̀yìn, bóyá n ò tilẹ̀ ní rà á.

Oyin

Bí ìdá 80 nínú 100 oyin ni ṣúgà, omi inú rẹ̀ ò sì yẹ kó ju ìdá 20 lọ. Omi tí kò pọ̀ yìí, pẹ̀lú bó ṣe kan díẹ̀ àti hydrogen peroxide, èròjà apakòkòrò kan, tó ń jáde látara èròjà tí kòkòrò oyin fúnra rẹ̀ pò mọ́ ọn, ni kì í jẹ́ kí kòkòrò àrùn gbèrú nínú rẹ̀.

Ti ikọ́ ló dájú jù. Lọ́dún 2018, NICE, àjọ tó ń la ọ̀nà ìtọ́jú sílẹ̀ fún àwọn dókítà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, sọ pé kí ẹni tí ikọ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ mú kọ́kọ́ gbìyànjú oyin kó tó sáré wá antibiotic. Ti egbò yàtọ̀: FDA, àjọ tó ń rí sí oúnjẹ àti oògùn nílẹ̀ Amẹ́ríkà, ti fọwọ́ sí oyin tí wọ́n fi ń di egbò láti 2007, ṣùgbọ́n èyí tí wọ́n ti pa kòkòrò inú rẹ̀ ni, kì í ṣe ìgò tó wà ní kíṣìnì yín. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ìtọ̀ ṣúgà, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé ti oyin yàtọ̀; ṣíbí ìjẹun kan ní nǹkan bíi gíráàmù 17 ṣúgà nínú.

Ọmọ tí kò tíì pé oṣù 12 kò gbọ́dọ̀ fẹnu kàn án. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí le létí wa, àwa tí a máa ń tọ́ oyin sí ọmọ lẹ́nu lọ́jọ́ kẹjọ, tí a sì ń wúre kí ayé rẹ̀ dùn. Kòkòrò tó ń fa botulism, àìsàn tó ń rọ iṣan ara, lè sùn sínú ògidì oyin. Ìfun àgbà lè borí rẹ̀, ti ìkókó kò tíì lè. Kí bàbá àti ìyá tọ́ ọ wò ní orúkọ ọmọ, kí àgbà wúre bó ṣe yẹ. Àdúrà náà á gbà.

Ní ti mímọ ògidì, wọ́n á ní kí ẹ ṣáná sí i, kí ẹ kán an sínú omi, kí ẹ wò ó bóyá èèrà á jẹ ẹ́. Kò sí èyí tó ṣe é gbára lé nínú wọn. Èyí tí wọ́n fi omi ṣúgà tó ki lú lè yege, èèrà sì ń jẹ ògidì oyin dáadáa. Oyin tó dì nísàlẹ̀ ìgò kì í ṣe ayédèrú. Ẹ gbé ìgò náà sínú omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́, á yọ́. Ẹ béèrè ibi tó ti wá, ẹ wo nọ́ńbà NAFDAC, kí ẹ sì rà á lọ́wọ́ ẹni tí ẹ lè padà lọ bá. Oyin mánúkà ti New Zealand ńkọ́? Methylglyoxal, èròjà tó ń pa kòkòrò àrùn, pọ̀ nínú rẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ ikọ́ lásán lẹ fẹ́ fi wò, owó rẹ̀ ti ju iṣẹ́ lọ.

Propolis àti royal jelly

Orúkọ méjèèjì ń dún bí oògùn, bẹ́ẹ̀ wọn ò bára tan. Oje igi tí kòkòrò oyin kó wá láti fi dí ihò ilé rẹ̀ ni propolis. Ó korò, ó ń ta lẹ́nu, inú ọtí ni wọ́n sì sábà máa ń pò ó sí, nítorí náà kí ẹni tí kì í mu ọtí ka ara ìgò dáadáa. Ti Brazil lókìkí gan-an: èyí tó ní àwọ̀ ewé ní Minas Gerais, èyí tó pupa ní Alagoas. Mo lè rà á fún ọ̀fun tó ń dùn mí tàbí egbò ẹnu, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ó lè mú kí ara yún àwọn kan.

Ìtàn dídùn ni wọ́n fi ń ta royal jelly. Oúnjẹ tí àwọn oyin òṣìṣẹ́ ń sun fún ìdin tó máa di ayaba ni. Ayaba yẹn lè lo ọdún mélòó kan láyé, òṣìṣẹ́ lè má ju ọ̀sẹ̀ mélòó kan lọ lásìkò iṣẹ́. Wọ́n á wá ní tí ẹ bá mu ún, ara yín á padà di tọmọge. Ènìyàn kì í ṣe ìdin. Lọ́dún 2011, EFSA, àjọ tó ń rí sí oúnjẹ ní Yúróòpù, yẹ irú ìlérí bẹ́ẹ̀ wò, wọn ò rí ẹ̀rí tó fìdí rẹ̀ múlẹ̀. Ó sì ti pa ẹni tó ní ikọ́ fée rí. Kí ẹni tó ń lo warfarin, oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, kọ́kọ́ bi dókítà.

Èmi rí i pé ẹni tó ń ra royal jelly sábà máa ń bú ara rẹ̀ níwájú dígí: mo ti hunjọ, mo ti sanra jù, ẹ wo bí mo ṣe dà. Kristin Neff, onímọ̀ ìrònú ẹ̀dá ní University of Texas ní Austin, tó gbé òṣùwọ̀n àánú sí ara ẹni jáde lọ́dún 2003, pín in sí mẹ́ta: kéèyàn máa bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́, kó rántí pé òun nìkan kọ́ ló ń rí i bẹ́ẹ̀, kó sì wo ìrora rẹ̀ bó ṣe rí láìbù mọ́ ọn. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ò sí nínú ìgò. Tó bá jẹ́ ìbínú sí ara yín ló ń sún yín rajà, ẹ fi í di ọ̀la kẹ́ ẹ tó sanwó.

Lẹ́búlẹ́bú òdòdó? Oúnjẹ ni, kì í ṣe oògùn. Ẹni tí òdòdó máa ń mú sín kó jìnnà sí i.

Ìda

Wọn kì í kà á sí, òun ló sì wù mí jù lẹ́yìn oyin. Ó ń yọ́ ní nǹkan bíi 62 sí 64 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Ẹ fi abọ́ sórí omi gbígbóná, ẹ yọ́ ìdá kan ìda mọ́ ìdá mẹ́ta òrí tàbí òróró àgbọn, kí ẹ dà á sínú agolo kékeré. Ètè tó bó lásìkò ọyẹ́ á gbà á, gìgísẹ̀ tó la náà á gbà á. Kò wo àrùn kankan, ó kàn ń dí omi ara mọ́nú ni, ṣùgbọ́n kéèyàn jókòó lálẹ́ kó rọra fi pa ẹsẹ̀ ara rẹ̀ wà lára ìkẹ́ra tí mò ń sọ. Èyí tó funfun ni wọ́n ti bó àwọ̀ rẹ̀; èyí tó pọ́n rúsúrúsú tó ṣì ń ta òórùn oyin ni kí ẹ béèrè fún.