Kíláàsì kọ́míìsì ọ̀fẹ́ fún àgbàlagbà n'Ífẹ̀
Ẹ̀yin ará Ilé-Ifẹ̀, kíláàsì kọ́míìsì (ìtàn tí wọ́n fi àwòrán inú àpótí-àpótí sọ) ọ̀fẹ́ tí wọ́n ń ṣe lẹ́bàá Ẹnuwá yìí, ẹ lọ o, àwa àgbà ni wọ́n ń kọ́ kì í ṣe ọmọdé. Èyí tó wọ̀ mí lára jù ni àlàfo tó máa ń wà láàárín àpótí àwòrán kan sí èkejì: nínú àkọ́kọ́ ìyá gbé odó kalẹ̀, nínú ìkejì iyán ti wà nínú abọ́, kò sẹ́ni tó ya ibi tí wọ́n ti gún un àmọ́ gbogbo wa la rí i lójú ọkàn, ó dáa gan-an! Tíṣà tún sọ̀rọ̀ Akinola Lasekan tó ya àwòrán sínú ìwé ìròyìn West African Pilot láyé ìjọba òyìnbó. Bẹ́ńṣì ò tó ṣá, ẹ tètè dé.