AirSense 10 AutoSet: ẹ̀rọ CPAP dára, àmọ́ ẹ ṣọ́ ohun tó ń gbà á wọ ẹ̀dọ̀fóró

Ẹni tí èémí rẹ̀ ń dá dúró lójú oorun, tí dókítà ní kó máa lo CPAP, ẹ̀rọ tó ń fẹ́ afẹ́fẹ́ gba ìbomú wọlé kí ọ̀nà ọ̀fun má bàa dí, á fẹ́ mọ̀ bóyá afẹ́fẹ́ tó ń fẹ́ wọ ọ̀fun òun láti alẹ́ mọ́jú ò ní ba ẹ̀dọ̀fóró òun jẹ́. Ojú ìyẹn la fi wo AirSense 10 AutoSet, iṣẹ́ ọwọ́ ilé iṣẹ́ ResMed. Ẹ̀rọ gidi ni. Omi, ẹ̀gbin àti àìsàn tó ti wà nínú ẹ̀dọ̀fóró tẹ́lẹ̀ ló yẹ ká bẹ̀rù ju agbára afẹ́fẹ́ rẹ̀ lọ.

Láti 4 dé 20 cmH2O (ìwọ̀n tí wọ́n fi ń wọn agbára afẹ́fẹ́) ni agbára náà, ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ ló sì ń gbé e sókè sódò bí ọ̀nà ọ̀fun bá ṣe ń dí. Bí mímí síta bá ń nira, EPR, ètò tó ń dín agbára afẹ́fẹ́ kù bí èèyàn bá ń mí síta, wà níbẹ̀, ipele 1 sí 3. Bí afẹ́fẹ́ bá ń wọ ikùn, tí inú ń wú, tí èèyàn ń gùnfẹ̀ ṣáá, ẹ sọ fún dókítà kó tún agbára náà ṣe. Ẹni tí àpò afẹ́fẹ́ ńláńlá wà nínú ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀, tàbí tí ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ ti lu rí, kò gbọdọ̀ tan ẹ̀rọ yìí láìjẹ́ pé dókítà tó mọ̀ nípa rẹ̀ fọwọ́ sí i. Bí àyà bá sì ṣàdédé gún èèyàn, tí èémí ò délẹ̀, kó bọ́ ìbomú, kó gba ọsíbítù lọ lójú ẹsẹ̀. A bẹ̀ yín, ẹ má dúró di ìgbà tí ilẹ̀ bá mọ́.

Ọ̀rọ̀ pọ̀ níbi ike omi, èyí tí omi gbígbóná inú rẹ̀ ń mú kí afẹ́fẹ́ má gbẹ jù. 380 ml ló ń gbà, distilled water (omi tí wọ́n sè di oruku, tí wọ́n sì mú oruku náà padà di omi) nìkan ló sì yẹ ẹ́. Pure water àti omi bọhóòlù máa ń fi èèpá funfun sílẹ̀ nísàlẹ̀ ike, ibẹ̀ ni ohun yíyọ̀ máa ń rọ̀ mọ́. Omi bátìrì kò ṣeé fọkàn tán. Láràárọ̀, ẹ da omi àná nù, ẹ fi aṣọ mímọ́ nu ike náà, ẹ jẹ́ kó gbẹ. Ẹ má bu omi tuntun lé ti àná. Lọ́sẹ̀ lọ́sẹ̀, ẹ fi omi lọ́wọ́ọ́wọ́ àti ọṣẹ tí kò le fọ ike àti rọ́bà tí afẹ́fẹ́ ń gbà dé ìbomú, kí ẹ fi wọ́n kọ́ síbi tí oòrùn ò ti pa wọ́n. Ẹ má kán róòbù tàbí lọ́fíńdà sínú omi, ẹ má sì fi bílíìṣì fọ̀ ọ́, torí ohunkóhun tó bá wà níbẹ̀ lẹ máa fà símú. Ẹ gbé ẹ̀rọ sílẹ̀ ju orí bẹ́ẹ̀dì lọ, kí omi tó bá sẹ̀ nínú rọ́bà má ṣàn wá sí imú. Rọ́bà ClimateLineAir tó ń gbóná kì í fi bẹ́ẹ̀ jẹ́ kó sẹ̀.

Asẹ́ afẹ́fẹ́ ẹ̀rọ náà kì í ṣe fífọ̀. Oṣù 6 ni kó pẹ́ jù kí ẹ tó pààrọ̀ rẹ̀. Lásìkò ọyẹ́, ẹ máa yẹ̀ ẹ́ wò lóṣooṣù. Asẹ́ yìí ń dá eruku dúró, kò lè dá carbon monoxide, gáàsì olóró inú èéfín jẹnẹrétọ̀, dúró. Afẹ́fẹ́ inú yàrá ni ẹ̀rọ ń fà, nítorí náà jẹnẹrétọ̀ gbọ́dọ̀ jìnnà sí fèrèsé pátápátá. Ínfátà ló dáa jù: 24V, 90W ni ìwọ̀n pawa ẹ̀rọ CPAP náà, bátìrì sì máa ń pẹ́ sí i bí ẹ bá pa ìgbóná omi.

Ìbomú tó bo imú àti ẹnu pọ̀ ń béèrè ìṣọ́ra: bí èèyàn bá bì sínú rẹ̀, èébì lè gba ọ̀nà ọ̀fun wọ ẹ̀dọ̀fóró. Bí èébì bá ń gbé yín, ẹ bọ́ ọ, ẹ má lò ó lóru ọjọ́ yẹn.

Fún ẹni tó fẹ́ ra tokunbo: ní June 14, 2021, ilé iṣẹ́ Philips pe DreamStation àkọ́kọ́, ẹ̀rọ CPAP tiwọn, padà, torí fóòmù tó ń pa ariwo inú rẹ̀ ń rún, eérún àti gáàsì rẹ̀ sì lè bá afẹ́fẹ́ wọlé. Ẹ̀rọ tí àwọn kan fi ń fọ̀ ọ́ pẹ̀lú gáàsì ozone ń dá kún un. AirSense 10 kò sí nínú ìyẹn. Síbẹ̀, ẹ ṣí ilé asẹ́ rẹ̀, ẹ gbóòórùn rẹ̀. Bí ó bá ń rùn sìgá, ẹ fi í sílẹ̀ fún ẹni tó ń tà á. Bí kò bá rùn, ẹ ra ìbomú, rọ́bà, ike omi àti asẹ́ tuntun, kí dókítà sì fi agbára tiyín sí i kí ẹ tó fi sùn.