Ẹ ṣọ́ra fún ejẹ́ǹtì tó ń fi ọ̀dà tuntun bo ilé onílé l'Ógbómọ̀ṣọ́

Ẹ̀yin ará, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ wà l'Ékòó tàbí lókè òkun tí ẹ ń wá ilé rà sí Ògbómọ̀ṣọ́, ẹ dákun, ẹ ka èyí kí ẹ tó sanwó fún ẹnikẹ́ni.

Oṣù Èrèlé ni ejẹ́ǹtì kan mú èmi àti ìyàwó mi lọ wo ilé oníyàrá mẹ́rin kan ní agbègbè Tákié. Ilé náà wù wá. Ọ̀dà funfun ṣẹ̀ṣẹ̀ gbẹ lára ògiri, sílíìnì tuntun, àgbàlá mọ́ tónítóní, omi sì wà nínú kànga ẹ̀yìnkùlé. Ejẹ́ǹtì ní ọmọ kan ṣoṣo ni olóògbé onílé bí, pé ọmọ náà fẹ́ rìnrìn àjò ló ṣe fẹ́ tà á ní pọ̀ọ́kú. Ó ní ẹnìkan ń bọ̀ láti Ìbàdàn lọ́jọ́ kejì pẹ̀lú owó lọ́wọ́. A ti san owó fọ́ọ̀mù àti owó àtiwo ilé tẹ́lẹ̀. Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, mo fi ₦300,000 ránṣẹ́ sí àkáǹtì ejẹ́ǹtì náà fúnra rẹ̀, kó lè bá wa di ilé náà mú.

Ọjọ́ mẹ́ta lẹ́yìn náà, mo dá lọ síbẹ̀ nírọ̀lẹ́. Oòrùn tó ń wọ̀ tàn sára ògiri tó kọjú sí títì, mo bá rí nǹkan pupa fẹ́ẹ́rẹ́ lábẹ́ ọ̀dà funfun. Mo sún mọ́ ọn, mo fọwọ́ pa á. Lẹ́tà ni. Ọ̀dà òkè kò nípọn, ìka mi ń tọ ìlà kọ̀ọ̀kan títí mo fi kà á tán: ILÉ YÌÍ KÌ Í ṢE TÍTÀ. Ẹsẹ̀ mi kò gbé mi mọ́.

Ìyá kan tó ń dín àkàrà lódìkejì títì ti ń wò mí. Mo kí i, kò tiẹ̀ jẹ́ kí n béèrè ohunkóhun. Ó ní, "Ọmọ mi, ṣé ìwọ náà ti sanwó?"

Ẹnu rẹ̀ ni mo ti gbọ́ pé ọmọ méje ni bàbá náà fi sáyé lọ, pé àwọn ló kọ ọ̀rọ̀ yẹn sára ògiri lẹ́yìn ìsìnkú. Kànga náà sì máa ń gbẹ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Tánkà ló bu omi sí i lóru ọjọ́ tí a fẹ́ wá wò ó. Mo rántí pé eruku kún inú ìfami tó wà létí kànga, okùn rẹ̀ sì gbẹ. Mo rí i lọ́jọ́ àkọ́kọ́, mi ò fi ṣe nǹkan kan.

Onílé tòótọ́ pàápàá máa ń kun ilé kó tó tà á, mi ò bá a wí. Ṣùgbọ́n ẹ padà lọ láìsí ejẹ́ǹtì, ẹ lọ láìròtẹ́lẹ̀, kí ẹ bi ará àdúgbò bí ògiri náà ṣe rí tẹ́lẹ̀.

Ilé tí bàbá kú fi sílẹ̀ láìṣe wíìlì, ti gbogbo ọmọ ni lábẹ́ òfin ìbílẹ̀ wa. Bí ẹnìkan bá dá a tà tí olórí ẹbí kò lọ́wọ́ sí i, asán ni títà náà, bí risíìtì tilẹ̀ wà. Ẹ ní kí wọ́n mú yín dé ọ̀dọ̀ olórí ẹbí, kí àwọn ọmọ fọwọ́ síwèé níwájú lọ́yà tí ẹ̀yin fúnra yín mú wá. Lọ́yà lè yẹ ìwé ilẹ̀ wò ní Sẹkitéríàtì Àgọ́dì n'Íbàdàn, ó dára bẹ́ẹ̀, àmọ́ ọ̀pọ̀ ilé àtijọ́ nílùú wa ni kò ní ìwé kankan níbẹ̀. Ẹ má torí pé ẹ kò rí àríyànjiyàn nínú fáìlì kí ẹ fọkàn balẹ̀.

Ejẹ́ǹtì tó bá pe ara rẹ̀ ní estate surveyor, ẹ béèrè nọ́ńbà ìforúkọsílẹ̀ rẹ̀ lọ́dọ̀ ESVARBON, àjọ tó ń forúkọ àwọn estate surveyor sílẹ̀, tí òfin ọdún 1975 gbé kalẹ̀. Èmi kò béèrè. Owó ilé kò sì gbọdọ̀ wọ àkáǹtì ejẹ́ǹtì.

Nọ́ńbà tó fún mi kò lọ mọ́. Mo ti fẹjọ́ sùn ní tẹ́ṣàn, a sì ti pé mẹ́ta báyìí tó sanwó lórí ilé kan ṣoṣo yìí. Bí ìwọ bá jẹ́ ẹnì kẹrin, jọ̀ọ́, wá mi kàn, ká jọ lọ.